Ìkòkò ọtí kò fẹ́ ooru



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ọtí tí à ń pọn nílé: ọtí ọkà bàbà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Benin ń pè ní tchoukoutou tàbí tchakpalo, àti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a ń fi àgbàdo ṣe. Bí a bá ṣe ìrìbọmi ọmọ, bí àwọn ọmọ bá gba Ara Olúwa ní ìgbà àkọ́kọ́, bí a bá ṣe ìgbéyàwó tàbí tí a sin àgbà, ọtí yìí ni a fi ń ṣe àlejò. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń fi èrè rẹ̀ sanwó ilé-ìwé ọmọ.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ títí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa, ẹkún kan náà ni à ń gbọ́: "Ọtí mi ti kan jù. Lánàá ó dára, lónìí kò ṣeé mu." Ẹni tó fi owó àjọ ra ọkà, tó ra igi ìdáná, tó fi ọjọ́ bíi méje ṣiṣẹ́, tó wá da ìkòkò méjì nù, ohun tó ṣe é kì í ṣe kékeré. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti burú jù ni ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn yóò ní ojú orogún òun ló ba ọtí òun jẹ́. Ẹlòmíràn yóò rántí pé aládùúgbò kan yà sí ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ tí òun ń sè é, pé ó wo inú ìkòkò, pé kò sì kí òun dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ìkíni dópin láàárín ilé méjì. A wá sí Mísà, a jókòó ní àga kan náà, a kò sì wo ojú ara wa.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí ẹni tó jẹ̀bi gan-an.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọn ọtí mọ iṣẹ́ náà. A ó rẹ ọkà sínú omi di ọjọ́ kejì. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ó fi ewé tàbí àpò bò ó, a ó máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi hu. A ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi, a ó fi ilá tàbí èèpo igi tó ń yọ̀ sí i kí ó lè tòrò. A ó sè é, a ó jẹ́ kí ó kan díẹ̀ mọ́jú, a ó tún sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Nígbà tó bá tutù, a ó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè níbi púpọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń hó.

Kí ló ń mú un hó, nígbà tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀ mọ́? Ohun alààyè ló wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Ìwúkàrà ni, ọmọ ìyá èyí tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò, èyí tí Jésù fi pa òwe nípa obìnrin tó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun. Ẹyọ kan rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Nígbà tí ọkà ń hu, agbára kan jí nínú rẹ̀ tó ń sọ ìyẹ̀fun rẹ̀ di ṣúgà nínú omi gbígbóná. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà ń jẹ. Ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń gbé ìfóòfó sókè.

Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, ló fi èyí hàn kedere. Lẹ́yìn ogun tí Faransé bá Jámánì jà ní ọdún 1870, ó fẹ́ kí bíà ilẹ̀ rẹ̀ lè bá ti Jámánì dọ́gba, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí bíà ní ọdún 1876. Ohun tó rí ni pé nígbà tí ọtí bá "ṣàìsàn", àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn mìíràn ló ti bá ìwúkàrà wọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ó fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, ó rí wọn, ó ya àwòrán wọn sínú ìwé. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: nínú gbogbo ohun tó rí nínú bíà tó bàjẹ́, kò rí ojú aládùúgbò kankan.

Iṣẹ́ tí ooru ń ṣe

Ẹ̀dá wo ni wọ́n, tí wọ́n ń ba ọtí jẹ́? Oríṣi méjì ni kí a mọ̀. Èkíní ni àwọn tó ń mú ògì kan. Wọ́n wúlò fún wa. Àwọn ló fún ọtí ọkà bàbà ní ìkan díẹ̀ tí a fẹ́, ìkan náà sì ń lé ọ̀pọ̀ ohun búburú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ jù, ọtí yóò kan kọjá ààlà. Èkejì ni àwọn tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Níbi tí ìkòkò bá là sílẹ̀, wọ́n á sọ ọtí gan-an di ọtí kíkan, irú èyí tí àwọn Faransé ń fi sí ewé tútù nígbà oúnjẹ.

Àwọn oríṣi méjèèjì ń yọ̀ nínú ooru. Ìwúkàrà tiwa ti mọ́ ooru lára, òótọ́ ni. Ó lè ṣiṣẹ́ ní dìgírì 25 tàbí 30, kí ó sì parí iṣẹ́ ní òru kan. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó ń sáré jù, ó sì ń ṣe àwọn ohun mìíràn mọ́ ọtí, èyí tó ń jó ọ̀nà ọ̀fun tí kò sì dùn lẹ́nu. Nígbà tó bá fi parí, tí kò sí ṣúgà mọ́, àwọn tó ń mú nǹkan kan kò parí iṣẹ́ tiwọn. Ní dìgírì 30 sí 40, iṣẹ́ wọn ń yá gidigidi. Ìdí nìyí tí ọtí tó dára ní alẹ́ Sátidé fi lè bàjẹ́ kí a tó jáde ní Mísà ọjọ́ Àìkú.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá bó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọwọ́ kan ara ìkòkò ńlá tó ń hó, ẹ ó rí i pé ó gbóná ju ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ìkòkò bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru yìí ṣe ṣòro láti jáde tó.

Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ nítorí ọtí

Kì í ṣe àwa nìkan ni ooru ń bá jà. Ní Bàfáríà, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, níbi tí àwọn mọ́ńkì ti ń pọn bíà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, bíà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ń bàjẹ́ bí tiwa. Ní ọdún 1553, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pọn bíà láti ọjọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́, 23 oṣù kẹrin, títí di ọjọ́ Mikaẹli Mímọ́, 29 oṣù kẹsàn-án. Kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ooru ń bọ̀ àti ìgbà tó ń lọ.

Kí wọ́n lè rí bíà mu nígbà ooru, wọ́n gbẹ́ yàrá sí abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gé yìnyín lórí adágún nígbà òtútù, wọ́n kó o sínú yàrá náà. Wọ́n gbin igi abẹ́wéyọ sórí rẹ̀ kí oòrùn má bàa gbóná dé ibi tí bíà wà. Níbẹ̀, ìwúkàrà kan tó fara mọ́ òtútù ń ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí dìgírì 8 sí 13. Ó ń lọ́ra, ó ń gba ọ̀sẹ̀ dípò òru kan, ṣùgbọ́n bíà rẹ̀ ń mọ́ gaara, ó sì ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Ní ọdún 1873 ni Carl von Linde bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù fún ilé bíà kan ní ìlú Munich. Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, ilẹ̀ àti òjìji igi ni ẹ̀rọ wọn. Títí dòní, ní àwọn ilẹ̀ tútù yẹn, ẹni tó bá ń pọn bíà nílé ara rẹ̀ a máa gbé e sí yàrá abẹ́ ilé.

Àmù ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀

Ilé wa kò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wo ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ni àwọn ìyá wa àgbà kò ti gbé àmù sí igun? Omi inú àmù ń tutù láìsí yìnyín. Amọ̀ ń làágùn díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ òógùn náà, bó sì ti ń gbẹ ló ń kó ooru lọ. Ọgbọ́n àmù yìí ni kí a lò fún ọtí. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ yan ibi tó dára. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe abẹ́ páànù tí oòrùn ọ̀sán ń lù. Yàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ erùpẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kan ògiri rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba fèrèsé rẹ̀ kọjá, ìyẹn ló dára. Bí igi bá ṣíji bo yàrá náà, ó tún dára sí i.

2. Ẹ lo ìkòkò amọ̀. Ẹ pín ọtí sí ìkòkò kéékèèké dípò ńlá kan. Ẹ da yanrìn sí igun yàrá, ẹ bu omi sí i, ẹ gbé ìkòkò jókòó sínú rẹ̀ dé ìdajì. Ẹ fi àpò tàbí aṣọ tútù yí ìdajì òkè ká, ṣùgbọ́n kí ó má dé ẹnu ìkòkò, kí omi má bàa wọ inú ọtí. Bí aṣọ bá gbẹ, ẹ tún rẹ ẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bíi ti ìgbà ọyẹ́, èyí ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ní Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ará ibẹ̀ túbọ̀ di ọ̀rọ̀ kẹta yìí mú.

3. Ẹ jẹ́ kí òru ràn yín lọ́wọ́. Ẹ sè é ní òwúrọ̀, kí ó lè tutù kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹ tó da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín. Bí ó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dúró. Ẹni tó da ìwúkàrà sínú omi gbígbóná pa á, ẹni tó sì dà á sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án gangan ń pe ọtí kíkan wá.

4. Ẹ fi omi híhó ṣan igbá, asẹ́ àti ìkòkò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò tó dára nìkan ni kí ẹ mú. Ẹni tó bá mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò tó kan jù ti gbin ìbàjẹ́ sínú èyí tó ń bọ̀.

5. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí ìdérí bo ẹnu ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ má dì í pa. Nígbà tí ìfóòfó bá lọ sílẹ̀, ẹ bu ọtí kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ẹ dà á sínú akèrègbè tí ẹnu rẹ̀ kéré, kí ó kún, kí afẹ́fẹ́ má fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Ẹ má fi ìdérí di ìgò ọtí tó ṣì ń hó, nítorí ó lè bẹ́ kí ó gé ọmọ lójú. Bí ẹ bá ní fìríìjì, ẹ gbé e sí i. Òtútù kò pa ìwúkàrà, ó kàn mú un sùn.

6. Ẹ má pọn ju ohun tí a ó mu láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Irú ọtí yìí kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò

Nítorí pé a ti sọ̀rọ̀ ibi tútù abẹ́ ilẹ̀, ó di dandan kí a sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé a kò kìlọ̀. Ẹ má ṣe gbé ọtí tó ń hó sínú kànga gbígbẹ, ẹ má sì gbé e sínú kòtò jíjìn tí ènìyàn ní láti sọ̀kalẹ̀ sí.

Afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń mí jáde wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Nínú yàrá tó ní fèrèsé, ó ń bá ẹnu ọ̀nà jáde, kò ṣe nǹkan. Nínú ihò, ó ń sùn sí ìsàlẹ̀ bí omi. Ìkòkò lítà 40 kan, bí ọtí rẹ̀ bá le dé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, lè mí èyí tó ju lítà 500 jáde. Kò ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ lè ṣubú kí ó tó lè ké. Ẹni kejì tó bá sáré wọlé láti gbà á yóò ṣubú tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé kan ṣe ń pàdánù ènìyàn méjì nínú ihò kan náà. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tó ń ṣe wáìnì a máa gbé àbẹ́là lọ́wọ́ wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ wọn. Bí ó bá kú, wọ́n á sá jáde. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ nísinsìnyí pé àbẹ́là kò tó gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí afẹ́fẹ́ náà lè ti máa ṣe ènìyàn ní jàǹbá kí iná tó kú.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan ṣubú sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ ké pe ènìyàn, ẹ gbìyànjú láti fi okùn fà á láti òkè, ẹ ránṣẹ́ pe àwọn panápaná. Ìkòkò ọtí kan kò tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ má fi irọ́ tún un ṣe

Bí ọtí bá wá kan lẹ́yìn gbogbo èyí ńkọ́? Àwọn kan ń da ṣúgà sí i kí ẹnu má bàa mọ̀ ọ́n. Àwọn mìíràn ń da sódábì sí i, wọ́n ní ó di alágbára. Ẹni tó mu ún rò pé ọtí ọkà ni òun mu, ó mu igbá mẹ́ta bó ti máa ń ṣe, ó gun alùpùpù lọ sílé. Bí ó bá ṣubú lójú ọ̀nà, ta ni yóò dáhùn níwájú Ọlọ́run? Òfin keje tó ní kí a má jalè kan ẹni tó ń ta ohun tí kì í ṣe ohun tó pè é. Ọtí tó kan, ẹ sọ fún oníbàárà pé ó kan, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí ó di ọtí kíkan pátápátá, kí ẹ máa fi ṣe ewé tútù àti ẹran. Èérún ọkà tí a sẹ́ kúrò, ẹ fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ìjọ kò kórìíra ọtí. Olúwa wa lọ sí ìgbéyàwó ní Kánà, kò sì jẹ́ kí ojú ti àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Nínú ìwé ìbùkún Ìjọ ti Róòmù, àdúrà kan wà fún bíbùkún bíà. Ṣùgbọ́n ìwé Ben Sira, ní orí 31, fi yé wa pé ohun tó jẹ́ ìyè fún ẹni tó mu ún níwọ̀n di ìkorò fún ẹni tó mu ún jù. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe mu èrè ìyàwó yín tán nínú igbá. Ẹ má fún ọmọdé, kódà ìfóòfó rẹ̀. Kí aboyún má fẹnu kàn án rárá, nítorí ohun tí ìyá mu, ọmọ inú rẹ̀ mu ún pẹ̀lú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Òfin kẹjọ ní kí a má ṣe jẹ́rìí èké sí ọmọnìkejì wa. Ẹni tó bá sọ pé lágbájá fi ojú ba ọtí òun jẹ́ ti jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. Ẹ bi ara yín léèrè: ọjọ́ wo ni ọtí náà bàjẹ́? Ṣé ọjọ́ ooru ni? Ibo ni ìkòkò wà? Ṣé ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀? Ìkòkò wo ni a ti mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀? Bí ẹ bá dáhùn àwọn ìbéèrè yìí pẹ̀lú òtítọ́, ẹ ó rí ẹni tó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ènìyàn.

Bí ẹnìkan bá wà nínú yín tí kò kí aládùúgbò rẹ̀ mọ́ nítorí ìkòkò ọtí, kí ó lọ kí i kí ó tó rẹ ọkà mìíràn sómi. Kí ó bu igbá kan fún un nínú èyí tó bá dára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì fún ilé yín ní àlàáfíà. Àmín.